Sàráà Tí Ràsáàkì Kò Fẹ́

Bí ẹ bá dé Ìgbòho tí ẹ ń wá ọlọ́kadà tí yóò gbé yín sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ má pe Ràsáàkì Ládòkun. Ìgbín ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kúkúrú, ó dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yáa lọ sinmi, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni. Ìyá rẹ̀ ní láti inú oyún ló ti lágídí, pé lọ́jọ́ tí òun fẹ́ bí i, agbẹ̀bí tòògbé títí kó tó jáde. N kò sí níbẹ̀. Agídí tí mo fẹ́ sọ ni ti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, tó fi ọ̀kadà dí ẹnu ọ̀nà kan ní ilé bàbá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò sì ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

Àìsáré rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí yàn án. Nọ́ọ̀sì yìí ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé kiri àwọn abà àti gàá, níbi tí mọ́tò kì í dé. Abẹ́rẹ́ náà ń bẹ nínú àpótí oníyìnyín, àpótí á wà níwájú Ràsáàkì lórí táńkì, nọ́ọ̀sì á wà lẹ́yìn, eruku á sì pa àwọn méjèèjì láró pupa. Bí wọ́n bá dé abà, àwọn ìyá ọmọ á kóra jọ sábẹ́ igi èmí, nọ́ọ̀sì á máa bá wọn sọ̀rọ̀, Ràsáàkì á sì máa tún ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn obìnrin rò pé kò gbọ́ nǹkan kan. Etí rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ o.

Kó tó di ọlọ́kadà, àgbẹ̀ ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ Fàtímọ̀, ọmọ Òfìkì, sì ń gbé lábà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ismaheel. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó lè bi ènìyàn ní ìbéèrè láti ìdí iṣu títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, kó sì dá ara rẹ̀ lóhùn bí ó bá rẹ ẹni tí ó ń bi. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ta, èèyi mú un lásìkò ọyẹ́: ibà gbé e, ojú rẹ̀ pọ́n, gbogbo ara rẹ̀ ru. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí, nítorí abà jìnnà, àwọn òbí rẹ̀ kò sì kà á sí. Wọ́n gbé e wá sílé lọ́dọ̀ ìyá Ràsáàkì, ìyá náà tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, èèyi sì lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń ṣe. Bí ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyi, sàráà ló kàn. Ìyá Ràsáàkì se ẹ̀wà, ó din àkàrà, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ àdúgbò, nítorí àdúrà ọmọdé kì í pẹ́ gbà. Wọ́n gbé Ismaheel sáàárín wọn, gbogbo wọn jọ ń bu ẹ̀wà jẹ nínú àwo ńlá kan náà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ọwọ́ ra á lórí, wọ́n ní Ọlọ́run á dá a sí, àwọn àgbà ní àmín. Inú Ràsáàkì dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó jó.

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ti ń sáré kiri ilé padà sórí ẹní, kò sì dìde mọ́. Gbogbo ènìyàn ló sọ pé kì í ṣe èèyi, èèyi ti lọ ní tirẹ̀. Àwọn kan ní ayé ni. Ìyá Ràsáàkì ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó nu ojú rẹ̀, ó sì gba ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe Fàtímọ̀ ní Ìyá Ismaheel. Àwọn tọkọtaya náà fi abà sílẹ̀, wọ́n padà sílé, Ràsáàkì ra ọ̀kadà.

Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kan tí òun àti nọ́ọ̀sì lọ sí abà kan lójú ọ̀nà Ìrawọ̀, obìnrin kan dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má wulẹ̀ yọ tèmi lẹ́nu. Ọmọ mi ti ṣe èèyi tiẹ̀ tán. Ara rẹ̀ ti gbó. Àìsàn wo ló tún kù tí ó fẹ́ mú un?”

Àwọn obìnrin yòókù ní òótọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ náà nìyẹn: ẹni tó bá la èèyi já, ó ti di akọ igi.

“Èèyi kò ní ṣe é mọ́, ìyẹn dájú,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Àwọn àìsàn yòókù ni ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nínú abà yìí, ta ló mọ ojú àwọn olè tó ti jà yín rí?”

“Àwọn ọdẹ ni.”

“Èwo nínú wọn?”

“Àwọn àgbà inú wọn.”

“Ó dáa. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ọdẹ ni wọ́n. Àwọn àgbà inú wọn ń rántí gbogbo àrùn tí ọmọ náà ti bá pàdé: ikọ́ èyí, inú rírun tọ̀hún. Bí ọ̀kan bá tún yọjú, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á pa á kí ìyá ọmọ tó mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Èèyi kì í bá ọdẹ jà lójúkojú. Kòkòrò rẹ̀ ní àwọn purotéènì tó ń lò bí irinṣẹ́. Ọ̀kan wà lára rẹ̀ bíi kọ́kọ́rọ́, ihò tó sì bá a mu wà lára àwọn àgbà ọdẹ yẹn gan-an. Ó ṣí wọn, ó wọlé. Bó bá wọlé tán, purotéènì mìíràn á dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ké gbàjarè sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pa kò lè pariwo, ẹni tó yẹ kó gbà á kò gbọ́. Báyìí ni yóò ṣe pa àwọn àgbà náà lọ rẹrẹ.”

Obìnrin tó dìde ti jókòó. “Ṣùgbọ́n ara ọmọ ń yá padà, nọ́ọ̀sì. A ń fi ojú rí i.”

“Ara ń yá. Ara á gba ọdẹ tuntun, wọ́n á tiẹ̀ pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé ojú báyìí, olè ni? Ọmọ yín ti padà dà bí ọmọ tuntun. Ikọ́ tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan lọ́dún tó kọjá lè gbé e dè báyìí. Ó máa ń tó oṣù bíi mélòó kan, lára ọmọ mìíràn ó máa ń ju ọdún lọ, kí wọ́n tó tún mọ gbogbo ohun tí wọ́n gbàgbé. Èyí ló ń pa àwọn ọmọ tí èèyi ti fi sílẹ̀. Èyí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí abẹ́rẹ́ ṣáájú rẹ̀.”

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ràsáàkì. Ó wò ó nílẹ̀ títí, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó dá ọ̀kadà dúró láàárín oko àgbàdo kan tí wọ́n ti ya tán. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, bí ọmọ tí èèyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ bá bá àwọn ọmọ mìíràn jẹun nínú àwo kan ńkọ́? Tí ikọ́ ń ṣe ọ̀kan nínú wọn?”

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ọmọ kan ti kú mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́ rí. “Bùọ̀dá Ràsáàkì, kò sẹ́ni tó lè búra lórí ohun tó pa ọmọ tí òun kò fojú rí.”

“Mo mọ̀. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀.”

Ó tún ṣáná sí ọ̀kadà. Ó dùn ún, ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ismaheel nìkan ló ń rò títí wọ́n fi dé ìlú. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń rò, ọwọ́ tó se ẹ̀wà, tó gbé ọmọ sáàárín àwọn ọmọ. Nígbà tó délé, ìyá náà gbé ọkà fún un, ó bi í bóyá ata rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ó ní ó dáa. Bó ṣe ń jẹun náà ló ti pinnu pé ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ lónìí kò ní ti ẹnu òun dé etí ìyá yìí láyé. Kò sọ fún Fàtímọ̀ pàápàá.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bí Ramlah. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ni Ràsáàkì ti ń ka oṣù, nítorí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èèyi. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á rò pé owó àjọ ló ń retí. Àfi bí ọyẹ́ ṣe tún dé, èèyi gba àdúgbò wọn kan, ó sì mú Ramlah nígbà tí oṣù yẹn kò tíì pé. Ẹ wo bí ayé ṣe máa ń ṣe ènìyàn.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó jókòó sílé. Ọjọ́ tí ara ọmọ gbóná ni Ràsáàkì gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n kán fítámì sí i lẹ́nu, wọ́n kọ́ Fàtímọ̀ bí yóò ṣe máa fún un lọ́mú àti omi. Èèyi ru, ó gbẹ, ó lọ. Ramlah tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin tọkọtaya, iṣẹ́ yín kò tíì parí. Ẹ má gbé e dé àárín èrò. Ẹni tó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ gbé e. Ẹ máa fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ń mí lémọ́lémọ́, ẹ má dúró wo ilẹ̀ mọ́.”

“Títí di ìgbà wo?” ni Fàtímọ̀ bi í.

“Ẹ kò lè tì í mọ́lé títí ayé. Àmọ́ àwọn oṣù àkọ́kọ́ yìí ló le jù.”

Nọ́ọ̀sì kò tíì kọjá ìkóríta tí ìyá Ràsáàkì fi jáde láti yàrá rẹ̀, ẹ̀wà wà nínú igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣà á. “Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀,” ló wí. “Mo ti ránṣẹ́ sí gbogbo ilé.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kò ní sí sàráà.”

Ìyá náà rò pé ó ń ṣeré, ó fi oríkì pè é. “Àkànní, kí lo wí?”

“Mo ní kò ní sí. Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ má dé àárín èrò.”

“Ṣé nọ́ọ̀sì ló ni ọmọ ni? Ọlọ́run yọ ọmọ rẹ, o kò lè fi ẹ̀wà lásán dúpẹ́? Àbí ahun lo fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́?”

“Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

Ó kúnlẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ìyá náà fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà ilé, àwọn àgbà pe Ràsáàkì, wọ́n bi í ní ìdí. Ó ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìdí tó tẹ́ ìyá lọ́rùn ni àwọn ń bi í. Ìdí tó tẹ́ni lọ́rùn wà, ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n bó bá là á sílẹ̀ báyìí pé ọmọ tí èèyi fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ọ̀pọ̀ ọmọ jẹun, ṣé arúgbó náà kò ní rántí ni? Ó gbà kí wọ́n máa pe òun ní ahun. Ó gbà kí wọ́n ní kò mọ oore Ọlọ́run. Wọ́n ní ó ti bá àwọn oníṣègùn òyìnbó rìn jù, òun tí kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Ìyá kò kúkú gbọ́. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, òórùn àkàrà gba gbogbo agbolé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ mọ ọmọdé àti oúnjẹ. Wọ́n kún àgbàlá, wọ́n ń ti ara wọn, imú ń ṣàn lára àwọn kan, ọ̀kan sì ń wú ikọ́ tó ń dún nísàlẹ̀ àyà. Ràsáàkì gbọ́ ikọ́ náà láti inú yàrá. Ó jáde, ó ti ọ̀kadà rẹ̀ wá, ó gbé e dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá tí Fàtímọ̀ àti ọmọ wà, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Gbé nǹkan yìí kúrò,” ni ìyá rẹ̀ wí. Àwo ẹ̀wà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ fún wọn jẹ níta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàdúrà níta. Ramlah kò ní jáde.”

“Ìwọ Ràsáàkì!”

“Kò ní jáde, Ìyá.”

Àwọn aládùúgbò ti ń péjọ. Ojú ti arúgbó náà, ìbínú sì gùn ún lórí ìtìjú. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó gbé ohùn sókè: “Ẹ bá mi bi í o! Àbí kì í ṣe èmi náà ni mo ṣe sàráà fún Ismaheel? Kì í ṣe ọwọ́ yìí ni mo fi gbé e sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣé sàráà ló pa á ni?”

Gbogbo wọn yíjú sí Ràsáàkì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́, ọmọdé sì lè dá a: rárá o, Ìyá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó la ẹnu. Irọ́ náà kò jáde. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwo ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Ìyá náà ń retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó wo àwọn ọmọ tó kún àgbàlá. Èyí tó ń wúkọ́ tún wú u. Ó wo àwo náà. Ó nà án sí obìnrin kan tó dúró tì í.

“Ẹ kó wọn lọ sábẹ́ igi lọ́hùn-ún,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. “Ẹ fún wọn jẹ dáadáa. Kí wọ́n ṣàdúrà kí wọ́n tó lọ.” Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tirẹ̀.

Ràsáàkì kò kúrò lórí ọ̀kadà títí ọmọ tó kẹ́yìn fi lọ. Ó fẹ́ kí ẹnì kan bú òun, kò sẹ́ni tó bú u. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ jáde wá, ó jókòó sórí àpótí ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ó ti pẹ́, Ìyá.”

“O sì ń jẹ oúnjẹ mi.”

“Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹ kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Mo jó lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì pàápàá ní kò sẹ́ni tó lè búra sí i.”

Arúgbó náà sunkún. Kò pariwo, ó kàn ń fi ìborùn nu ojú ṣáá, Ràsáàkì sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ó ní kí ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún òun, kó má fi ọ̀kan pamọ́. Ó ṣàlàyé: kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àwọn àgbà ọdẹ, igbe tí wọ́n dí mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn ọdẹ tuntun tí kò mọ ojú olè. Fàtímọ̀ gbé Ramlah wá sí ẹnu ọ̀nà, òun náà dúró, ó gbọ́ ọ parí. Ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà kọ̀ kò gbà á, ó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́.

Bí ẹ bá rò pé Ràsáàkì lágídí, ẹ kò rí ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àlejò tó bá wúkọ́ lójúde, kò ní wọlé, ì báà jẹ́ baálé. Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Fàtímọ̀, ó ń tẹ́tí sí èémí ọmọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òjò ti ń múra àtirọ̀, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ó ti yára jù. Fàtímọ̀ ní bóyá ooru ni. Ìyá ní kì í ṣe ooru. Ràsáàkì gbé gbogbo wọn sórí ọ̀kadà, lọ́jọ́ yẹn nìkan sì ni Ìgbòho rí i tó sáré.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí gbé etí lé àyà ọmọ. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ló ti fẹ́ mú, ṣùgbọ́n wọ́n tètè dé. “Ká ní ẹ dúró di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.” Wọ́n fún un lóògùn. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ó ti ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀dọ́ ni, ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ṣì ń bó. Ó ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èèyi ti lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, pé sàráà rẹ̀ di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ràsáàkì gbọ́ ọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti dìde. Arúgbó náà rọra lọ jókòó ti ọmọbìnrin náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

“Ọmọ mi,” ló wí, “mo ní ọmọ ọmọ kan. Ismaheel lorúkọ rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe sàráà tirẹ̀ fún ọ.”